Tẹ̀tẹ̀ Inú Bọ́kẹ́ẹ̀tì Kò Mọ Ohun Tó Ń Jẹ́ Organic

Lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, àbúrò mi ọkùnrin fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Òyìnbó kan ló wà níbẹ̀, nínú yàrá tí iná aláwọ̀ àlùkò kún, ó ń fọwọ́ pa ewé lára bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó ní tó bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ kórè, ẹ má fún ohun ọ̀gbìn yín lóúnjẹ mọ́, omi lásán ni kí ẹ máa rọ́ sí i lọ́pọ̀lọpọ̀, kó lè ṣan gbogbo kẹ́míkà ara rẹ̀ dànù, kí adùn rẹ̀ lè jáde. Àbúrò mi wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n ṣe báyìí fún tòmátò mi? Organic ni mo ń lò o, kò sí kẹ́míkà níbẹ̀."

Mo ti wo fídíò yẹn dé ìdajì kí n tó rí i pé kì í ṣe tòmátò ni ọ̀gbẹ́ni yìí ń gbìn. Igbó ni.

Ẹ má bínú sí àbúrò mi. Ẹnikẹ́ni tó bá ń wá bí wọ́n ṣe ń gbin nǹkan sínú yàrá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbin igbó ló máa já sí. Kánádà sọ ọ́ di ohun tó bófin mu ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, òfin ìjọba àpapọ̀ wọn sì gbà kí ilé kan gbin tó igi mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà náà ti ṣí ilẹ̀kùn. Àwọn èèyàn yìí lówó iná, wọ́n lásìkò, wọ́n máa ń wọn pH omi láràárọ̀ bí ẹni ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Nílẹ̀ tiwa, òfin ò gbà á, NDLEA ò sì ń bá ẹnikẹ́ni ṣeré, nítorí náà kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń gbin igbó ni mo fẹ́ sọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìmọ̀ràn wọn ti kúrò nílé ara rẹ̀, ó ti wọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì tòmátò àti àpò ìrẹsì tí a gbin tẹ̀tẹ̀ sí, kò sì sẹ́ni tó bi í pé kí ló wá ṣe.

Méjì nínú ìmọ̀ràn yẹn ló gbajúmọ̀ jù. Àkọ́kọ́: tó bá ti jẹ́ organic, ó mọ́, kò lè pa ẹnikẹ́ni lára, ẹ máa dà á lọ. Ìkejì: ẹ fi omi ṣan án kẹ́yìn. Lójú tèmi, èmi tí mo ń fi iyẹ̀pẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì, ibi tí ewu ò sí ni méjèèjì ń wò. Ibi tí ewu wà gan-an ni ohun tí ẹ ṣe sí ìgbẹ́ adìyẹ yẹn kó tó wọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì, àti iye ọjọ́ tó wà láàárín ìgbà tí ẹ dà á síbẹ̀ àti ìgbà tí ẹ já ewé náà sínú ìkòkò ọbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu. Gbòǹgbò ò ní eyín. Kò lè jẹ ìgbẹ́ adìyẹ, kò lè jẹ èèpo ẹ̀gẹ́, kò lè jẹ ewé jíjẹrà. Ohun tó ti yòrò sínú omi ló lè fà: náítírójìn tó ti di náítíréètì tàbí amóníọ̀mù, pòtásíọ̀mù, fọ́sífétì, kálísíọ̀mù àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. (Ó lè fa ìwọ̀nba amino acid díẹ̀ náà, kí àwọn ọ̀gá mi má bàa pè mí sí kọ̀rọ̀.) Náítíréètì tó wá láti inú àpò yúríà àti èyí tó wá láti ìdí adìyẹ, ọ̀kan náà ni wọ́n: átọ́ọ̀mù náítírójìn kan, ọ́síjìn mẹ́ta. Kò sí gbòǹgbò tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Láti ọdún 1840 ni Justus von Liebig, ará Jámánì, ti ń pariwo pé èròjà aláìlẹ́mìí ni ohun ọ̀gbìn ń jẹ, kì í ṣe ohun jíjẹrà fúnra rẹ̀.

Ta ló wá ń sọ ìgbẹ́ adìyẹ di náítíréètì? Kòkòrò àìfojúrí ni. Nǹkan funfun tí ẹ máa ń rí lórí ìgbẹ́ adìyẹ yẹn, yúríìkì ásíìdì ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ìtọ̀ adìyẹ nìyẹn, torí adìyẹ kì í tọ̀ lọ́tọ̀ bíi tiwa. Àwọn kòkòrò kan á sọ ọ́ di yúríà, wọ́n á sọ yúríà di amóníà. Àwọn mìíràn, irú Nitrosomonas, á sọ amóníà di náítíráìtì, àwọn bíi Nitrobacter àti Nitrospira á wá sọ ìyẹn di náítíréètì. Sergei Winogradsky, ará Rọ́ṣíà, ló fi hàn ní nǹkan bí ọdún 1890 pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn tó ń ṣe ìpele méjì tó kẹ́yìn yìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn orúkọ tí a ń pè é: ajílẹ̀. Létí tèmi, ohun tó ń jí ilẹ̀ ni mo máa ń gbọ́ nínú rẹ̀. Fàtíláísà inú àpò ń bọ́ ohun ọ̀gbìn ní tààrà. Ajílẹ̀ ń bọ́ ilẹ̀, ilẹ̀ ló wá ń bọ́ ohun ọ̀gbìn, ní àsìkò tó bá wu òun. Ẹ fi "àsìkò tó bá wu òun" yẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìjà wà.

Lọ́dún tó kọjá ni mo fojú ara mi rí i. Mo ń gbé yàrá kan ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìbàdàn, ó ní bàkóònì kékeré tí oòrùn ń wọ̀ láàárọ̀ nìkan. Mo ra ìgbẹ́ adìyẹ àpò kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń sin adìyẹ ẹlẹ́yin ládùúgbò. Ó ṣì ń gbóná, ó sì ń rùn débi pé ọlọ́kadà méjì kọ̀ láti gbé mi. Mo pò ó mọ́ iyẹ̀pẹ̀, ìdajì ìdajì, mo lọ́ tòmátò mẹ́rìndínlógún sínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ iyẹ̀pẹ̀ o! Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, etí ewé wọn ti gbẹ bí ìwé tí iná rà. Nígbà tó di ọjọ́ keje, méjì ló kù. Màmá onílé wa gòkè wá sá aṣọ, wọ́n wo bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n wò mí.

"Sáyẹ́ǹsì, kí lo fún wọn jẹ?"

"Ìgbẹ́ adìyẹ ni, mà. Organic ni."

"Ìgbà wo ni wọ́n kó o kúrò lábẹ́ adìyẹ?"

"Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo gbìn ín ni, mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní bàbá àwọn kì í fọwọ́ kan ìgbẹ́ tí kò bá tíì "tutù". Wọ́n á kó o jọ sẹ́yìn ilé, òjò á pa á, oòrùn á pa á, títí kò fi ní rùn mọ́. Màmá ò mọ amóníà lórúkọ, ṣùgbọ́n imú wọn mọ̀ ọ́n. Ohun tó pa tòmátò mi nìyẹn: amóníà tó pọ̀ jù ń jó gbòǹgbò, iyọ̀ inú ìgbẹ́ tútù kò sì jẹ́ kí gbòǹgbò rí omi fà. Èyí tó tún dùn mí jù ni pé òórùn tó ń ta èèyàn nímú yẹn gan-an ni náítírójìn tí mo fowó rà. Ojú mi ló ń fò lọ sókè.

Eérú náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Nínú àwọn fídíò yẹn, wọ́n á ní ẹ fi eérú kún un nígbà tí òdòdó bá yọ, kó lè rí pòtásíọ̀mù. Òótọ́ ni pé pòtásíọ̀mù wà nínú eérú dáadáa, àwọn ìyá wa tó ń se ọṣẹ dúdú ti mọ̀ ọ́n ṣáájú gbogbo wa: omi tí wọ́n ń sẹ́ láti inú eérú èèpo kòkó, pòtásíọ̀mù kábọ́nétì ló pọ̀ nínú rẹ̀, òun ló ń bá òróró wọ̀yá ìjà tí òróró fi ń di ọṣẹ. Kódà, ọ̀rọ̀ eérú inú ìkòkò ni àwọn òyìnbó ti fa orúkọ pòtásíọ̀mù yọ. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò, ohun tó lè sọ òróró di ọṣẹ, kí ló máa ṣe fún gbòǹgbò? pH omi eérú sábà máa ń ju 10 lọ. Ṣíbí kan nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá ti tó, ẹ má sì pò ó mọ́ ìgbẹ́ tútù láéláé. Ibi tí pH bá ti ga, amóníọ̀mù á di amóníà, amóníà á di afẹ́fẹ́, ó sì ti lọ nìyẹn. Bí ẹ bá ti pò wọ́n pọ̀ rí tí ojú yín sì ta yín, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ báyìí.

Lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n ń kó lọ́fẹ̀ẹ́ níbi ìlagi náà ń tan èèyàn. Kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ju náítírójìn rẹ̀ lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Kòkòrò tó fẹ́ jẹ ẹ́ nílò náítírójìn, kò rí i nínú igi, á lọ yá a lọ́wọ́ iyẹ̀pẹ̀ yín, tẹ̀tẹ̀ yín á wá di pupa ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni tí ibà mú. Ìgbà tí ìwọ̀n kábọ́ọ̀nù sí náítírójìn bá wálẹ̀ tó nǹkan bí 25 sí 1 ni kòkòrò máa tó bẹ̀rẹ̀ sí san gbèsè náà padà. Ìgbẹ́ adìyẹ, tó wà ní nǹkan bí 10 sí 1, máa ń san tirẹ̀ kíákíá, nígbà mìíràn kíákíá jù. Ìdí tí a fi ń da àwọn méjèèjì pọ̀ nínú kọ́ńpọ́ọ̀sì nìyẹn: ọ̀kan ń pọ̀ jù, ọ̀kan ń kéré jù.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ṣíṣan. Níbi tó ti wá, ó ní ìtumọ̀ díẹ̀. Ẹni tó ń gbin nǹkan sínú irun èèpo àgbọn, tó ń po iyọ̀ fàtíláísà mọ́ omi fún un lójoojúmọ́, iyọ̀ máa ń ṣẹ́kù sínú ìkòkò rẹ̀. Omi lásán lè ṣan ìyẹn kúrò nídìí gbòǹgbò. Ṣùgbọ́n láti ìdí gbòǹgbò dé inú òdòdó, ọ̀nà jìn. Náítírójìn tó ti di pròtéènì àti èròjà tó ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀ ti di ara ohun ọ̀gbìn náà. Omi tí ẹ rọ́ sídìí igi ò lè wọlé lọ fọ̀ ọ́ bí ẹni fọ abọ́. Ní ọdún 2017, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní University of Guelph ní Kánádà (ẹlẹgbẹ́ mi nìyẹn, àfi pé iná wọn kì í lọ) wọn èròjà inú òdòdó igbó tí wọ́n ṣan àti èyí tí wọn ò ṣan. Ṣíṣan ò dín in kù lọ́nà tó nítumọ̀. Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń ta oògùn ṣíṣan nínú ìgò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn èèyàn ń rà á.

Fún ẹni tó ń lo ajílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà tún wá burú sí i. Kò sí ẹ̀rọ omi tí ẹ lè ti pa. Oúnjẹ náà wà nínú kọ́ńpọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, ó dúró bí iṣu nínú abà, kòkòrò ló ń bu díẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá rọ́ omi gálọ́ọ̀nù mẹ́ta sí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ẹ ó ṣan náítíréètì àti pòtásíọ̀mù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bù sílẹ̀ lánàá dànù sórí bàkóònì aládùúgbò ìsàlẹ̀. Lọ́la, wọ́n á tún bu òmíràn. Kí lẹ wá jèrè? Omi tó kún inú iyẹ̀pẹ̀ sì ti lé afẹ́fẹ́ jáde. Nígbà tí kò bá sí afẹ́fẹ́, irú kòkòrò mìíràn á dìde, á bẹ̀rẹ̀ sí sọ náítíréètì di gáàsì, gbòǹgbò á sì máa rà.

Ohun kan tún wà tí ọ̀gbẹ́ni inú fídíò ò lè mọ̀, torí kì í ṣe tòmátò ló ń gbìn. Igbó, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń gé e. Tòmátò wa, a lè máa ká a fún oṣù kan gbáko: ìdì ìsàlẹ̀ ti pọ́n, ti àárín ṣì tutù, ti òkè ṣì jẹ́ òdòdó. "Ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn" ti èwo? Tòmátò sì máa ń fa pòtásíọ̀mù gidi nígbà tí èso rẹ̀ bá ń dàgbà. Ní ti adùn, omi púpọ̀ lásìkò tó ń pọ́n ló ń jẹ́ kó là lára, kó sì tẹ́ lẹ́nu. Omi tó dín kù díẹ̀ ló ń jẹ́ kí ṣúgà inú rẹ̀ ki. Bí àbúrò mi bá ṣe ohun tí fídíò yẹn wí, òdì-kejì ohun tó ń wá ló máa rí. Mo fi ohùn sílẹ̀ fún un lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú méje. Ó dá mi lóhùn pé "okay." Àwọn ọmọ ìsinsìnyí.

Mi ò ní sọ pé òfìfo pátápátá ni èrò yẹn o. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó kan àwa tó ń gbin ẹ̀fọ́ sábẹ́ òjìji. Nígbà tí náítíréètì bá wọ inú ewé, agbára ìmọ́lẹ̀ ni ewé fi ń sọ ọ́ di pròtéènì. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, tí ajílẹ̀ sì pọ̀, náítíréètì á kàn máa kó jọ síbẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù mọ̀ ọ́n débi pé wọ́n fi sínú òfin: lẹ́túúsì tí wọ́n gbìn sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà òtútù lè ní tó 5000 mílígíráàmù náítíréètì nínú kílò kan, èyí tí wọ́n gbìn síta gbangba nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn kò gbọ́dọ̀ ju 3000 lọ. Kì í ṣe pé èyí tó pọ̀ sàn ju èyí tó kéré lọ. Wọ́n mọ̀ pé níbi tí oòrùn ò sí, ó nira láti mú un wálẹ̀ ni. Tẹ̀tẹ̀ wà lára àwọn ẹ̀fọ́ tó máa ń kó náítíréètì jọ. Àgbàlagbà tó ń jẹ ẹ̀fọ́ ò ní torí ẹ̀ sá fún ẹ̀fọ́, àǹfààní rẹ̀ pọ̀ ju ìyẹn lọ; àwọn ọmọ ìkókó tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ni àwọn dókítà máa ń bẹ̀rù fún.

Ẹ sì wò ó: náítíréètì tó ń kó jọ yìí kò bìkítà bóyá inú àpò yúríà ló ti wá tàbí ìdí adìyẹ. Organic ò gbà yín. Ohun tó ń gbà yín ni kí ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì síbi tí oòrùn dé, kí ẹ fún un ní ajílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ dípò ìgbẹ̀yìn, kí ẹ sì já ewé ní ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí ìmọ́lẹ̀ ti ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbìn ín sínú omi lè kàn dá náítírójìn dúró fún ọjọ́ mélòó kan kó tó kórè, yóò sì rí ìyàtọ̀. Àwa oníbọ́kẹ́ẹ̀tì ò ní àǹfààní yẹn, torí ilẹ̀ ló ń pinnu.

Mo ti dé ibi tí mo ń lọ wàyí. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ "ìparí" lórí fídíò ń wo adùn. Èmi ń wo inú yín. Ìgbẹ́ tútù lè gbé Salmonella, ó lè gbé àwọn oríṣi E. coli tó ń ṣe èèyàn léṣe, ó lè gbé ẹyin aràn. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí USDA fi ń dá organic mọ̀ sọ ọ́ kedere: bí ẹ bá da ìgbẹ́ ẹran tí kò tíì di kọ́ńpọ́ọ̀sì sí ilẹ̀ tí oúnjẹ èèyàn wà, ẹ gbọ́dọ̀ pò ó mọ́ iyẹ̀pẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ pé 120 ọjọ́ kí ẹ tó kórè ohun tí ibi jíjẹ rẹ̀ ń kan iyẹ̀pẹ̀, 90 ọjọ́ fún èyí tí kò kàn án.

Ẹ ka ọjọ́ tẹ̀tẹ̀ yín wò. Láti ìgbà tí ẹ bá fọ́n irúgbìn dé ìgbà tí ẹ máa fà á tu, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni. Ewédú náà ò jìnnà sí i. 90 ọjọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjìlá lọ! Ìyẹn ni pé, nípa ìlànà àwọn tó ni ọ̀rọ̀ organic gan-an, kò sí bí tẹ̀tẹ̀ àti ìgbẹ́ tútù ṣe lè pàdé nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Síbẹ̀, mélòó la ti rí lórí Facebook tó ń yọ̀ pé "láti ìdí adìyẹ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, 100% organic"? Òtítọ́ ni pé a máa ń se ẹ̀fọ́, iná sì ń pa ọ̀pọ̀ nǹkan. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó já ewé ńkọ́? Pákó tí ẹ gé e lórí rẹ̀, tí ẹ tún gé kùkúńbà lé lórí? Tòmátò tí ọmọdé ká tó fi nu aṣọ, tó gé jẹ?

Omi ìgbẹ́ tí wọ́n ń rẹ sínú kẹ́ẹ̀gì ni mo bẹ̀rù jù. Wọ́n á rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á fi wọ́n ewé ní tààrà, wọ́n á ní oúnjẹ ewé ni. Ọjọ́ mẹ́ta nínú kẹ́ẹ̀gì kì í pa kòkòrò àrùn. Bí ẹ bá tún da ṣúgà tàbí omi ìrèké sí i, ẹ ń sin wọ́n ni. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lò ó, kọ́ńpọ́ọ̀sì tó ti jinná ni kí ẹ rẹ, ìdí ni kí ẹ bu ú sí, kí ó má kan ewé tí ẹ máa jẹ.

Kọ́ńpọ́ọ̀sì tó jinná ńkọ́? Òfin USDA yẹn kan náà ní: òkìtì tí wọ́n ń yí gbọ́dọ̀ gbóná tó 55°C, ó kéré tán, fún ọjọ́ 15, kí wọ́n sì yí i nígbà márùn-ún láàárín àkókò yẹn. Kòkòrò ló ń mú ooru yẹn wá, kò sẹ́ni tó dáná sí i. Ìṣòro wa ni pé bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ò lè gbóná tó bẹ́ẹ̀, ooru rẹ̀ á kàn jáde lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òkìtì tó gùn tó mítà kan, tó fẹ̀ tó mítà kan, tó sì ga tó mítà kan ló máa ń di ooru mú dáadáa. Nítorí náà, ará pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ má ṣe é lórí bàkóònì. Ẹ wá ẹni tó ní ilẹ̀, ẹ jọ dá a. Èmi àti Màmá onílé la jọ dá tiwa sẹ́yìn ilé. Mo máa ń ki irin gígùn kan bọ àárín rẹ̀, mo fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo fa á yọ. Bí mi ò bá lè dì í mú, inú mi á dùn. Ní oṣù àkọ́kọ́, ojoojúmọ́ ni mo ń dì í mú pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ìgbà tí mo fi ìgbẹ́ kún lẹ́búlẹ́bú igi tí mo sì bu omi sí i ló tó gbóná. Nígbà tó yá, mo ya tẹmómítà láti yàrá ìwádìí. Màmá ní irin àwọn péye jù ú lọ.

Ẹnì kan á ní: kí ló dé tí a ò fi ra èyí tó wà nínú ìgò, tó mọ́, tó ní àwòrán ewé lára? Ẹ rà á tí owó bá wà, ṣùgbọ́n ẹ ka nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 2-1-2, ìdá 2 nínú 100 ni náítírójìn. Lítà kan, tí a bá kà á sí kílò kan, gíráàmù 20 náítírójìn ló wà nínú rẹ̀. Àpò kọ́ńpọ́ọ̀sì kílò 25, bí a bá fi ìdá 2 nínú 100 kan náà kà á, gíráàmù 500 ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ló máa jáde. Ẹ fi iye owó méjèèjì wé ara wọn fúnra yín. Bí kò bá sì sí nọ́ńbà kankan lára ìgò náà, àwòrán ewé yẹn lẹ rà.

Ọ̀rọ̀ ààtàn náà wà níbẹ̀. Àwọn àgbà fẹ́ràn ilẹ̀ ààtàn, torí ìbẹ́pẹ àti tòmátò máa ń hù níbẹ̀ láìgbìn, wọ́n sì tọ̀nà: ààtàn ayé ìgbà yẹn, èèpo iṣu àti eérú ló wà níbẹ̀. Ààtàn tòde òní, bátìrì, gílóòbù, ọ̀dà àti wáyà jíjó wà nínú rẹ̀. Òjé àti kádímíọ̀mù kì í jẹrà, kòkòrò kankan ò lè sọ wọ́n di nǹkan mìíràn, ẹ̀fọ́ eléwé sì máa ń fa kádímíọ̀mù. Bí wọ́n bá ń ta "iyẹ̀pẹ̀ dúdú" fún yín, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti wà á. Ó lè dúdú, ó lè rọ̀, kó sì jẹ́ organic láti òkè délẹ̀, kí òjé ṣì wà nínú rẹ̀.

Ṣé mo wá ń ní kí gbogbo wa padà sí fàtíláísà? Rárá o. Láti ìgbà tí Fritz Haber ti fi hàn ní 1909 pé a lè fi náítírójìn inú afẹ́fẹ́ ṣe amóníà, tí Carl Bosch sì sọ ọ́ di iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá ní Oppau ní 1913, ohun tó tó nǹkan bí ìdajì ọmọ aráyé ló ń jẹun látara iṣẹ́ wọn. Mi ò lè bú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Yúríà kì í ṣe májèlé. Ìdá 46 nínú 100 rẹ̀ ni náítírójìn, ìdí nìyẹn tí ẹ̀kúnwọ́ kan fi lè jó bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ráúráú. Ṣùgbọ́n kì í mú iyẹ̀pẹ̀ di omi mú, kì í bọ́ kòkòrò ilẹ̀, ilẹ̀ wa tó wà nínú ooru yìí sì máa ń tètè jó ohun jíjẹrà inú rẹ̀ tán. IITA tó wà níbí ní Ìbàdàn ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kí àgbẹ̀ lo méjèèjì pọ̀. Èmi náà, kọ́ńpọ́ọ̀sì ló ń gbé gbogbo bọ́kẹ́ẹ̀tì mi ró, nígbà tí ewé bá sì ń pọ́n, mo máa ń yòrò yúríà tó tó ìdajì ṣíbí tíì sínú omi lítà márùn-ún. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní mo ti ba organic jẹ́. Tẹ̀tẹ̀ ò tíì fi ẹjọ́ mi sùn.

Tòmátò àbúrò mi ti pọ́n ní ìdì kejì. Kò ṣan án. Ó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, ó sì béèrè bóyá òun lè rí díẹ̀ nínú kọ́ńpọ́ọ̀sì wa. Mo ní kó ní sùúrù, òkìtì tuntun yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọjọ́ kẹsàn-án nínú ooru ni, a ti yí i lẹ́ẹ̀mẹta, Màmá onílé sì ti gbà àpò méjì sílẹ̀ fún ewédú àwọn.